Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn alákòóso NPFL (líìgì bọ́ọ̀lù tó ga jù ní Nàìjíríà) àti àwọn alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù: Ẹ fún àlejò ní géètì tirẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ líìgì, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìrìnkèrindò. Àwa tí a kọ lẹ́tà yìí la máa ń ṣètò mọ́tò fún àwọn alátìlẹ́yìn láti Ìbàdàn nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń lọ gbá bọ́ọ̀lù níta. Àwa la ń ka èèyàn wọ mọ́tò, àwa náà la ń kà wọ́n padà sílé. Ohun tí a fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ẹni tó bá tẹ̀lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú onílùú, kí ó ní géètì tirẹ̀, ìjókòó tirẹ̀ àti ọ̀nà àbọ̀ tirẹ̀, kí ó sì ti mọ gbogbo wọn kí ó tó kúrò nílé.

Ẹgbẹ́ 20 ló wà nínú líìgì wa. Ìdíje 38 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá ní sáà kan, 19 nílé, 19 níta. Ìdajì bọ́ọ̀lù tí alátìlẹ́yìn lè wò, ìta ló wà. Síbẹ̀, bí ẹ bá wo àwọn pápá wa lọ́jọ́ Àìkú, ibi tó yẹ kí àlejò jókòó sábà máa ń ṣófo, tàbí kí àlejò mẹ́wàá fọ́n ká sáàárín onílé, tí wọ́n fi jẹ́sì pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù. Àwọn kan a máa sọ pé líìgì ilé ò wu àwọn èèyàn wa mọ́, pé bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì orí tẹlifíṣọ̀n ti gbà wọ́n lọ́kàn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ìbàdàn ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ti wá, lọ́dún 1976. Ìlú yìí kan náà ló tún gba ife CAF lọ́dún 1992. Bọ́ọ̀lù kì í ṣàdédé sú irú ìlú bẹ́ẹ̀. Géètì ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn, àti ilẹ̀ tó ń ṣú lé wọn lórí lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìrìnàjò tó wà nítòsí ṣàpẹẹrẹ, kí Shooting Stars, ẹgbẹ́ wa n'Ìbàdàn, gbéra láti pápá rẹ̀ ní Adámásìngbà lọ bá Remo Stars ní Ìkẹ́nnẹ́. Àárọ̀ lọ, alẹ́ bọ̀ ni. Bí eléyìí bá fi lè nira, ẹ̀yin náà á mọ bí Aba àti Kánò ṣe máa rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ti ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ náà la ń gba orúkọ, tí a sì ń wá mọ́tò. Toyota Hiace tí gbogbo ayé ń pè ní họ́mà la sábà máa ń lò. Bí wọ́n bá ní ó ń gba èrò 14, ẹ má ka 14. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, ti ìlù ni: ìyáàlù, gángan méjì tàbí mẹ́ta, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àsíá tí a ká, àti àpò omi. Èèyàn 10 ló kù. Fún èèyàn 50, mọ́tò márùn-ún nìyẹn. Dírẹ́bà á gba ìdajì owó kí ó tó fi ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, nítorí òpin ọ̀sẹ̀ ni ìgbà ìgbéyàwó àti ìsìnkú, iṣẹ́ kò wọ́n ọn. Tí ìkéde bá wá jáde lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì pé ìdíje ti di ọjọ́ Ajé, tàbí pé aago mẹ́rin ti di aago méjì, ìdajì owó yẹn ti wọgbó. Dírẹ́bà ò sì jẹ̀bi, ó ti kọ iṣẹ́ ẹlòmíràn nítorí tiwa. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń ṣòro kó tó tún tọwọ́ bọ àpò. Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ àti aago tó bá wà níta ní alẹ́ Ọjọ́rú, ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀, àfi tí ewu bá wà lójú ọ̀nà tàbí tí pápá kún fómi.

Ní Ọjọ́bọ̀ la ń yẹ mọ́tò wò, táyà la sì kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò. Lára táyà, nítòsí rímù, ẹ ó rí lẹ́tà DOT, ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà á sì tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn la ń wá. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC máa ń kìlọ̀ pé ká má lo táyà tó ti ju ọdún mẹ́rin lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ojú táyà lè ṣì jìn, ó lè máa dán, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbẹ. Tí ọ̀dà bá gbóná lọ́sàn-án, tí mọ́tò kún, tí dírẹ́bà sì ń lé iṣẹ́jú, ìgbà yẹn ló ń bẹ́. Lẹ́yìn táyà, a ó wo sípíà, jáàkì, spánà wíìlì, wáípà, àti iná iwájú méjèèjì, nítorí òru la ń bọ̀. Lítà epo 25 sí 30 tó mọ́tò kan fún àlọ àti àbọ̀ Ìkẹ́nnẹ́, Ìbàdàn la sì ti ń ra gbogbo rẹ̀ pátá, kí mọ́tò má bàa lọ dúró nílé epo ní wákàtí tí èrò onílé ń tú jáde.

Táyà tí a bá rí àléébù rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, dírẹ́bà á pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Èyí tí a bá rí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, yálà ká dá èèyàn mẹ́wàá padà sílé tàbí ká gbé wọn sínú ewu. Ibi tí ìkéde tó yá ti ń gba ẹ̀mí là nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò hàn láti inú ọ́fíìsì.

Ọjọ́ bọ́ọ̀lù dé wàyí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá wa kà á padà sẹ́yìn. A fẹ́ kí gbogbo èèyàn wa ti jókòó ní aago mẹ́ta ààbọ̀, torí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú fèrè ni wàhálà géètì máa ń le jù. Bí èèyàn méjì bá ń yẹ ara wò, tí wọ́n ń lo ìdajì ìṣẹ́jú lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, èèyàn 50 á wọlé tán ní ìṣẹ́jú 13. Ẹ wá fi àríyànjiyàn orí ìlù kún un, ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. A gbọ́dọ̀ ti dé ní aago méjì ààbọ̀ nìyẹn, ká lè rí ibi gbé mọ́tò sí. Láti Adámásìngbà dé Challenge, dé Tóògéètì, ká bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó, ká yà ní Ṣágámù kọjú sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, ká gba Ìlíṣàn wọ Ìkẹ́nnẹ́: ẹ fún un ní wákàtí méjì, kí dírẹ́bà má bàa rídìí sá ju kìlómítà 90 ní wákàtí kan tí òfin fún bọ́ọ̀sì lọ. Aago méjìlá ààbọ̀ ni ìgbéra. Ẹni tó bá lọ ìsìn àkọ́kọ́ á bá wa, ẹni tó bá lọ ìsìn kejì kò ní bá wa. Ti pápá Oníkan l'Ékòó yàtọ̀ o. Aago mẹ́sàn-án la ń ṣí, nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Mówé, Ìbàfò àti Berger, kò sì sí àyè mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà. TBS (Tafawa Balewa Square) ló yẹ kí bọ́ọ̀sì àlejò dúró sí, kí àwọn èèyàn fẹsẹ̀ rin ìyókù. Tí ẹgbẹ́ onílé bá sọ bẹ́ẹ̀ fún wa láti Ọjọ́rú, kò sẹ́ni tí yóò máa wá ibi ìgbọ́kọ̀sí kiri Èkó.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹnu ọ̀nà pápá ìṣeré ló ti ń ṣẹ. Dírẹ́bà tí kò mọ ibi tó yẹ kó gbà á béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó dúró ní oríta, ọmọ náà á sì júwe ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀, ọ̀nà tí gbogbo onílé ń gbà. Bọ́ọ̀sì tí àsíá Ìbàdàn wà lójú fèrèsé rẹ̀ á wá rí ara rẹ̀ láàárín èrò, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá ara mọ́tò pàì pàì. Ó lè bẹ̀rẹ̀ bí eré, àmọ́ tí ọmọdékùnrin kan nínú mọ́tò bá fèsì láti ojú fèrèsé, ó ti di nǹkan mìíràn. Ohun tí a nílò ni orúkọ àdúgbò tàbí ilé ńlá kan tí a ó dúró sí ní ìta ìlú, kí ẹnì kan láti ẹgbẹ́ onílé pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì wá pàdé wa níbẹ̀, kí wọ́n mú wa gba ọ̀nà tí kò kọjá láàárín èrò. Níbi tí mọ́tò bá dúró sí, kí imú rẹ̀ ti kọjú sí ọ̀nà àbọ̀ láti ìgbà tó bá ti dé. Kí dírẹ́bà má sì fi mọ́tò sílẹ̀ wọlé lọ wòran.

Ẹ jẹ́ ká pẹ́ díẹ̀ lórí géètì, nítorí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Shooting Stars ń wọ búlúù. Remo Stars náà ń wọ búlúù, àfi pé tiwọn dà bí ojú ọ̀run. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì, tí oòrùn ń pa, tí igba èèyàn ń tì lójú kan náà, kò lè fi àwọ̀ jẹ́sì mọ ẹni tó jẹ́ àlejò. Ó di ìgbà tí èèyàn bá la ẹnu, tí orin Ìbàdàn bá jáde, kí ó tó mọ̀. Nígbà yẹn àlejò ti wọlé, ó ti jókòó láàárín onílé. Tíkẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó yanjú èyí. Ẹ jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì àlejò ní àwọ̀ ọ̀tọ̀, kí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ láti 1 dé iye tí ẹ bá fún wa, kí orúkọ géètì hàn gàdàgbà lójú rẹ̀, kí ẹgbẹ́ àlejò sì tà á tán nílé lọ́jọ́ Ẹtì. Èèyàn kankan kò gbọ́dọ̀ máa fi owó ra ìwọlé àlejò lẹ́nu géètì. Owó ọwọ́ lẹ́nu géètì ló ń fa kí ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì bá ìjókòó tó ti kún, torí ẹni tó ń gbowó kò mọ iye tó ti wọlé.

Ìlànà UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, fún ìdíje rẹ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ onílé fi ó kéré tán ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìjókòó pápá sílẹ̀ fún àlejò, níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Ní Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 3,000 tíkẹ́ẹ̀tì ni, tàbí ìdá mẹ́wàá bí pápá náà bá kéré. Láti sáà 2016/17 ni wọ́n sì ti fi owó tíkẹ́ẹ̀tì àlejò sí £30, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pápá Lekan Salami ní Adámásìngbà gba nǹkan bí 10,000. Ìdá márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 500. A ò tíì béèrè 500. Ẹ fún wa ní 200 tó dájú, a ó kún un.

Ní ti àyẹ̀wò ara, kí obìnrin yẹ obìnrin wò. Bí kò bá sí obìnrin lẹ́nu géètì àlejò, àwọn ìyá àti àwọn ọmọbìnrin tó bá wa wá á dúró síta di ìgbà tí wọ́n bá wá ẹnì kan rí, bọ́ọ̀lù á sì ti lọ jìnnà. Kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin sì wà ní apá ibi tí àlejò jókòó, kí ẹnikẹ́ni má bàa la èrò onílé kọjá nítorí ìtọ̀. Ìlù náà nílò ìdáhùn kí á tó kúrò nílé. Àṣà àwọn kan ni láti gba ìlù wọlé lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n dá a dúró lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kọ̀ǹgọ́ gángan, tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́, ni ẹ̀ṣọ́ máa ń pè ní ohun ìjà. Igi tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò gùn ju apá ọmọdé lọ. Láìsí i, gángan ti di odi. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ìlù mélòó, kọ̀ǹgọ́ mélòó, orúkọ onílù, kí a fi ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́bọ̀. Ní ti àsíá, a ti fi igi sílẹ̀ fúnra wa. Páìpù rọ́bà oníhò inú tí kò gùn ju mítà kan lọ la ń lò. Fèrè bíi ti rẹfirí, a kì í gbé e, torí ó ń dá eré dúró. Omi inú ọ̀rá là ń gbé, a kì í gbé ìgò.

Inú pápá wá ńkọ́? Ibi tí àlejò máa jókòó, kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì tí wọ́n gbà wọlé, kí àyè òfìfo sì wà láàárín àwọn àti onílé, ó kéré tán ìjókòó ẹsẹ̀ mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jókòó sí. Ọlọ́pàá ni kó wà nínú àyè náà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí pápá. Ọlọ́pàá tó ń wo bọ́ọ̀lù kò lè rí òkò tó ń bọ̀. Ní ti òkò fúnra rẹ̀, ilẹ̀ pápá ni wọ́n ti ń ṣà á. Ẹ rìn yí pápá yín ká lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ ó rí bíríkì tó fọ́, kọnkéré tó ya, irin àga tó dá, òkúta tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ń ṣe ọgbà. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta pẹ̀lú bárò kan á kó o tán láàárín wákàtí díẹ̀. Ọ̀rá omi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jù. Bí kò bá sí nǹkan mìíràn nílẹ̀ láti jù, omi náà ni yóò kú sí.

Ìṣẹ́jú tó léwu jù fún àlejò ni ìṣẹ́jú tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbá góòlù wọlé, pàápàá lẹ́yìn ìṣẹ́jú ọgọ́rin. Nínú mọ́tò la ti ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn wa: ẹ fò sókè, ẹ kọrin, ẹ lùlù, àmọ́ pápá ni kí ẹ kọjú sí. Ẹ má yí ojú sí onílé, ẹ má nàka sí wọn, ẹ má fi orúkọ ìlú wọn kọrin èébú. Ẹni tó bá yí ojú padà, olórí mọ́tò rẹ̀ á fà á jókòó. Apá ibi tó kàn wá nìyẹn, a sì mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ti ṣe ohun tó burú rí. Àwọn ọmọ tó mutí kí wọ́n tó wọ mọ́tò, a kì í gbé wọn mọ́, ìbáà ṣe pé wọ́n ti sanwó.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti géètì àlejò pa nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́. Ní Port Said ní Íjíbítì, lọ́jọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2012, Al Masry gba Al Ahly lálejò. Onílé ló borí, 3 sí 1. Síbẹ̀, bí fèrè ìkẹyìn ṣe dún, àwọn onílé ya lọ bá àwọn àlejò, géètì tí àlejò ì bá gbà sá jáde sì wà ní títì. Èèyàn 74 ló kú, àlejò ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní Accra, lọ́jọ́ 9 oṣù Kàrún-ún ọdún 2001, Hearts of Oak ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Asante Kotoko. Inú bí àwọn alátìlẹ́yìn Kotoko tó wá láti Kumasi, wọ́n ń ya àga sọ sí pápá. Ọlọ́pàá yin tajútajú sáàárín èrò, èèyàn sáré dé ẹnu géètì, wọ́n bá a ní títì. Ẹ̀mí tó lé ní 120 ló lọ. Ìlànà FIFA lórí ààbò pápá ti kọ̀ ọ́ pé kí ẹ̀ṣọ́ gbé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ tàbí ìbọn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ẹ bá wa sọ ọ́ fún ọ̀gá ọlọ́pàá tó bá ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sọ ọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí géètì tó ṣí lè ṣe kò ṣòro ó kà. Nínú ìwé ìlànà ààbò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò, Green Guide, èèyàn 82 ló lè gba ibi tó fẹ̀ tó mítà kan kọjá ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, 66 bó bá jẹ́ àtẹ̀gùn. Géètì tó fẹ̀ tó mítà kan àti ogún sẹ̀ǹtímítà á kó èèyàn 98 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Igba àlejò wa á ti jáde tán kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé. Géètì náà gbọ́dọ̀ ṣí síta, nítorí èyí tó ń ṣí sínú, èrò tó ń tì í ló ń tì í pa. Ẹ yan ẹnì kan tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó dúró ti géètì láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin, kí a sì mọ orúkọ rẹ̀. Àìmọye ìgbà ni wọ́n á ní “ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni”.

Lẹ́yìn fèrè ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ oòrùn ló kù. Eré aago mẹ́rin: ìṣẹ́jú 45, ìsinmi 15, ìṣẹ́jú 45 mìíràn, àfikún díẹ̀. Aago mẹ́fà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, oòrùn ń wọ̀ láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje. Ní àwọn ibì kan nílẹ̀ òyìnbó, àṣà wọn ni láti dá àlejò dúró sínú pápá fún ogún tàbí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí onílé fi lọ tán. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ràn ìlànà náà. A ò fara mọ́ ọn fún ìhín. Níbi tí iná ojú títì wà, tí rélùwéè ń ṣiṣẹ́ di òru, ó dára. Níbí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn ló ń gbé wa láti inú ìmọ́lẹ̀ bọ́ sínú òkùnkùn, òun náà ló sì ń fún àwọn ọmọ tí kò ní iṣẹ́ rere lọ́kàn láyè láti lọ kó ara wọn jọ síbi tí mọ́tò wa wà. Jíjáde kíá láti géètì ọ̀tọ̀, sí ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀, ló sàn. Èyí tó sàn jù ú lọ ni kí ìdíje tí àwọn ìlú rẹ̀ kò jìnnà síra, irú bí Ìbàdàn sí Ìkẹ́nnẹ́, sí Èkó, sí Ìlọrin, máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta. Wákàtí kan péré ni, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ni yóò bá wa dé ojú ọ̀nà márosẹ̀. Ní ti Ìlọrin, ó túmọ̀ sí pé a ó ti la Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kí ọlọ́pàá tó ń sìn wá má yà padà ní òpin àdúgbò pápá. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń sọ òkò, torí wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọlọ́pàá ń padà sí. Kí wọ́n sìn wá dé ojú ọ̀nà márosẹ̀. Nínú mọ́tò, a máa ń fa kọ́tìnnì, nítorí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ Hiace, tí òkò bá bà á, ńṣe ló ń dà wóówóó lẹ́ẹ̀kan náà bí iyọ̀. Kọ́tìnnì ni kì í jẹ́ kó dà sójú èèyàn. Àgbàlagbà àti obìnrin ń jókòó sí apá tí kò kọjú sí èrò. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí fèrèsé láti dáhùn. Olórí mọ́tò á ka orí lẹ́ẹ̀mejì, kí mọ́tò tó ṣí, àti lẹ́ẹ̀kan sí i níbi tí a bá ti kọ́kọ́ dúró. Ìwé orúkọ méjì ló ń wà, orúkọ, nọ́ńbà fóònù ẹni náà àti ti ará ilé rẹ̀ kan: ọ̀kan lọ́wọ́ olórí mọ́tò, ìkejì lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò bá wa lọ, tó wà n'Ìbàdàn. A fẹ́ fi ẹ̀dà kẹta ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ onílé. Ta la ó fi ránṣẹ́ sí?

Ìbéèrè yẹn la kò rí ìdáhùn rẹ̀ níbi púpọ̀. Láti sáà 2012/13 ni UEFA ti fi í sínú òfin ìwé àṣẹ pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bá alátìlẹ́yìn sọ̀rọ̀, tirẹ̀ àti ti àlejò. Ẹ ní kí ẹgbẹ́ 20 wa náà yan ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà níta, kí ó jẹ́ ẹni tó ń gbé fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Òun ni yóò sọ ibi tí mọ́tò á dúró sí, òun ni yóò mọ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́.

Fún ìrìn jíjìn, ọ̀rọ̀ wa kúrú. Aba láti Ìbàdàn, gba Ọ̀rẹ̀, Benin, Asaba, Onitsha àti Owerri, kì í ṣe ìrìn àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan, Kánò pàápàá kò ṣeé sọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni: ọjọ́ Àbámẹ́ta lọ, ọjọ́ Àìkú wòran, ọjọ́ Ajé bọ̀. Àwọn tó ń lọ kò lè ju mọ́tò kan lọ, èyí sì tó. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ẹni tí ẹgbẹ́ onílé yàn sọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì méjì tàbí mẹ́ta tí kò wọ́n, tí kò jìnnà sí pápá, tí mọ́tò wa lè sùn nínú ọgbà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rin òru padà.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Adámásìngbà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí Shooting Stars ya géètì kan sọ́tọ̀ fún àlejò níbẹ̀, kí ẹ wá fi Ìkẹ́nnẹ́ àti Oníkan ṣe ìkejì àti ìkẹta, kí ìyókù líìgì máa wò ó. Ní tiwa, èèyàn mẹ́wàá ti ṣetán láti dúró ní géètì àlejò Adámásìngbà ní gbogbo ìdíje ilé, láti aago kan ọ̀sán. Wọn ò ní wòran. Wọ́n á pàdé mọ́tò àlejò ní Tóògéètì tàbí ní Mọ́níyà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí wọ́n bá gbà wọ̀lú, wọ́n á bá wọn gbé ìlù wọlé, wọ́n á sì bá wọn padà dé ibi mọ́tò lẹ́yìn eré, ìbáà jẹ́ àlejò ló borí. Ohun tí a ń retí láti ọ̀dọ̀ yín ni orúkọ géètì náà, àti orúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa alátìlẹ́yìn tó ń ṣètò ìrìnàjò bọ́ọ̀lù,
Ìbàdàn.